Afárá Tí Mo Gbàdúrà Pé Kó Má Tètè Sàn

Bóyá èmi nìkan ni inú mi dùn ní gbogbo Lomé lọ́jọ́ tí wọ́n ti afárá yẹn pa ní ìgbà òjò tó kọjá. Àwọn awakọ̀ ń ṣépè. Àwọn obìnrin tó ń kó tòmátì wọ ìlú káwọ́ lérí. Rédíò sọ ọ́ ní Faransé, ó tún un sọ ní Ewe, pé afárá kékeré tó wà lórí odò Zio kò ṣeé gùn mọ́, kí oníkálukú gba ọ̀nà yípo. Èmi jókòó sí ìsọ̀ mi ní ọjà Hédzranawoé, láàrin àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù tí mò ń tà, mo gbọ́ ìròyìn náà, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ mi wà ní ìhà ọ̀dọ̀ mi nígbà tí ọ̀nà dí. Ọmọbìnrin ni, òun nìkan ni mo bí. Láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ló ti ń gbé ní òdìkejì odò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Iṣẹ́ ló gbé e wọ Lomé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà tí yóò fi padà, wọ́n ti fi irin dí ẹnu afárá. Ó pè mí lórí fóònù.

"Bonsoir, Àǹtí. Ẹ kú ọjà o. Wọ́n ti ti afárá. Ṣé mo lè wá máa sùn lọ́dọ̀ yín títí wọn á fi ṣí i?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe pè mí. Èmi tí mo gbé e sínú, tí mo rọbí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi ni àǹtí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí kò lóyún rí láyé rẹ̀, òun ni Màámi. Ó tún wá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi bí àlejò. Mo ní kó máa bọ̀. Mo ti ìsọ̀ mi kí oòrùn tó rọ̀, mo gba Adewui kọjá lọ ra ẹja, mo sì ra èyí tó tóbi ju ìkòkò mi lọ.

Kí n má baà parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò jí ọmọ mi gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò bímọ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, òun ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n náà ló sì tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Nígbà tí ọmọ mi ti ń fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa, ẹ̀gbọ́n yìí wá sí ilé wa, ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ nu imú rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, èyí á bá mi gbé." Ìyàwó ló ń pè mí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó náà ni. Kò béèrè, nítorí kò sí ohun tí yóò béèrè níbẹ̀. Ẹni tí kò bí máa ń gba ọmọ ẹbí tọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilé wa ní Nàìjíríà títí dé Lomé níbí. Ìyàwó ilé wo ló máa ní òun kò fẹ́? Mo ní, "Ẹ máa mú un lọ, ẹ̀gbọ́n mi." Mo rò pé màá bí òmíràn. Ọlọ́run kò fún mi ní òmíràn.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ó dùn létí. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tó bímọ náà máa ṣe nígbà tí igba èèyàn bá ń tọ́ ọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì sí láàrin wọn. Wọ́n tún máa ń sọ pé "òrìṣà jẹ́ n pé méjì" obìnrin kò dénú. Èmi kò ní orogún rí nílé ọkọ. Orí ọmọ ni mo ti ní orogún, n kò sì gbàdúrà fún un.

Nígbà ọdún Iléyá ni wọ́n máa ń mú un wá kí mi. Á dé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa àti irun tí wọ́n dì fínnífínní. Irun yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mo máa ń jókòó, màá fi í sáàrin orúnkún mi, màá tú gbogbo rẹ̀, màá sì tún un dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ náà á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní sunkún, kò sì ní bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá padà dé ọ̀hún, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á pè mí, á ní, "Ìyàwó, o mọ irun dì o." Kò bínú rí. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú.

Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀nà àti afárá, ó sì rí iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn kan tó ń tún afárá ṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo ẹsẹ̀ afárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ afárá? Ṣùgbọ́n ní àṣálẹ́ tó dé ilé mi yẹn, ó wọ bàtà ròbà tó gùn dé orúnkún, ó gbé akoto líle sí abíyá, ẹrẹ̀ sì wà lára rẹ̀ títí dé ìdí. Mo po omi gbígbóná fún un. Nígbà tó jẹun tán, mo bi í léèrè ohun tó ṣe afárá náà.

"Ṣé ó ya ni?"

"Kò ya, Àǹtí. Òkè rẹ̀ dáa. Ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Omi ti gbẹ́ yanrìn tó wà ní ìdí òpó rẹ̀ lọ."

"Yanrìn? Ṣé orí yanrìn ni wọ́n gbé gbogbo ọkọ̀ ńlá yẹn lé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ ti imú jáde, lẹ́yìn náà ló tó dé ẹnu, bí ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gẹ́lẹ́. Mo gbé àwo kúrò nílẹ̀, mo wọ ilé ìdáná lọ.

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló wá fi hàn mí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ó ní kí a jọ lọ sí etí òkun. Mo wọ aṣọ tí n kò tíì wọ̀ rí. Lójú ọ̀nà, mo ń kí ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí, kí wọ́n lè rí ẹni tí a jọ ń lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n dúró sí ibi tí omi ti máa ń wá tó sì ń padà. Omi wá, ó bo ẹsẹ̀ wa, ó padà. Mo mọ̀ ọ́n lára bí yanrìn ṣe ń sá lọ lábẹ́ gìgísẹ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Ẹ kò rìn, ẹ kò mira, ṣùgbọ́n ẹ ti rì díẹ̀." Lóòótọ́ ni, gìgísẹ̀ mi ti wọlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni odò ṣe ń ṣe òpó afárá. Omi ń bọ̀ tààrà, ó pàdé òpó, kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Díẹ̀ lára rẹ̀ á dorí kodò níwájú òpó náà, á lu ilẹ̀, á wá lọ́ pọ̀ bí okùn gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á sì máa kó yanrìn lọ. Nígbà tí odò bá kún, tó pọ́n, kò sí ẹni tó máa rí i. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bí odò bá fà, ẹrẹ̀ tuntun láti òkè odò á wá dí ihò náà. Ẹ óò wo ilẹ̀ odò, ẹ óò rí i pé ó tẹ́jú, ẹ óò ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni, kò lè gbé nǹkan dúró.

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀?"

"Ọ̀pá irin la fi ń tì í. Ibi tó bá ti le, ọ̀pá á kọ̀. Ibi tí ọ̀pá bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́ bí ẹni ti ọwọ́ bọ ẹ̀kọ tútù, ibẹ̀ ni ihò wà."

Omi mìíràn ń bọ̀. Mo di apá rẹ̀ mú. Kò pọn dandan, nítorí omi náà kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo dì í mú, mo sì fi bẹ́ẹ̀ dúró. N kò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Ló bá ní, "Bí Màámi náà ṣe máa ń dì mí mú nìyí. Òkun máa ń bà wọ́n lẹ́rù."

"Ẹ ti máa ń wá síbí?"

"Láti kékeré. Gbogbo ìgbà ìsinmi iléèwé."

Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi bọ́ lára rẹ̀. Òkun wà ní ìhà ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó bá ti òdìkejì odò wá sí etí òkun, ó gbọ́dọ̀ gun afárá, ó gbọ́dọ̀ wọ ìlú, ó gbọ́dọ̀ kọjá ní tòsí ilé mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo rò pé ọmọ wà lọ́nà jíjìn, tí mò ń retí rẹ̀ láti Iléyá dé Iléyá, wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń lọ ṣeré létí òkun, wọ́n sì ń padà sílé. N kò kí ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́nà títí a fi délé. Ó rò pé oòrùn ló mú mi.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bí mo ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Ní àṣálẹ́, tí a bá jẹun tán, ọmọ náà á gbé fóònù, á jáde sí àgbàlá lọ pe Màámi rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á yí padà. Ohun tí kò sọ fún mi, á sọ ọ́ fún un: ọ̀gá tó pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn ọkùnrin, orí tó ń fọ́ ọ, bí ẹrẹ̀ odò ṣe gba bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èmi bá bi í léèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ, "ó dáa, Àǹtí" ni. Bí mo bá bi í ohun tó fẹ́ jẹ, "ohun tí ẹ bá sè, Àǹtí" ni. Ó máa ń jẹ ẹ́ tán, á dúpẹ́, á fọ àwo rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, kó lè dà bíi pé nǹkan kan ni mò ń nù. Màá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tó ń ti imú jáde, òmíràn á sì dá a lóhùn láti inú fóònù.

Ọ̀rọ̀ tó wá so mí mọ́ afárá náà pátápátá ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń fẹ́ ẹ, Nàgó láti Bẹ̀nẹ̀, bàbá rẹ̀ ń ránṣọ ní Kodjoviakopé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mú ọjọ́ tí àwọn ẹbí ọkùnrin máa wá tọrọ rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n máa lọ, nítorí ọkọ mi ti kú, òun sì ni àgbà ẹbí. Wọ́n ránṣẹ́ sí èmi náà pé kí n wá jókòó. Mo mọ ibi tí màá jókòó sí: lẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé, nídìí ìkòkò. Òun ló máa jókòó síwájú. Òun ni wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún.

Afárá wá dí. Bàbá ọkùnrin náà pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó ní ìbàdí ń dun òun, ọ̀nà yípo yẹn gùn, ó sì kún fún kòtò, ìyá tó bí ọmọ kúkú wà ní Lomé níbí, ṣé àwọn kò lè wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kò burú. Bí afárá bá ti ṣí kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bí kò bá tíì ṣí, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyàwó. Ó pe èmi náà, ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní ṣé kò dùn ún. Ó ní, "Kí ló máa dùn mí? Ilé rẹ náà, ilé wa ni." Ilé tí èmi ń sanwó rẹ̀. Ilé wa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà afárá. Ọmọ náà kò ní tíì bọ́ akoto kúrò lórí tí màá ti bi í pé, "Báwo ni afárá?" Ó rò pé àánú iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe mí. Bó bá ní, "Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, Àǹtí," àyà mi á já. Bó bá ní nǹkan tún ti bàjẹ́, màá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," màá sì fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá kírun alẹ́ tán, màá jókòó sórí ẹní, màá ní, "Ọlọ́run, má ṣe jẹ́ kó wó o, ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i." Bóyá èèyàn kò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí lórí òpó afárá.

Ó sì ń pẹ́ lóòótọ́. Kí ọmọ mi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó dé ibẹ̀, àwọn ará ìletò tó wà létí odò ti rí i pé òpó kan ń fì, wọ́n sì ti ṣe àánú rẹ̀. Wọ́n kó bíríkì fífọ́, táyà àti kùkùté igi dà sí ìdí rẹ̀ kó lè dúró. Ọmọ mi ní ohun tó ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyẹn. Òkìtì náà fún odò lọ́rùn, omi kò rí ibi gbà, ó yí lọ sí ìdí òpó kejì tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ kanlẹ̀. Wọ́n gba ọ̀kan là, wọ́n fi ìkejì fún omi jẹ. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo pàǹtí náà kúrò, kí wọ́n tó lè máa to àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta kún yí òpó ká.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tí wọ́n bá kó fún ẹnìkan, ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti máa gbà á."

Ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọ̀rọ̀ odò lẹ ń sọ?" Mo ní ọ̀rọ̀ odò ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìtọrọ ni ẹ̀rù bà mí jù. Ọmọ náà wọlé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní àwọn ti to òkúta yí òpó méjèèjì ká, ọ̀gá àwọn sì ní ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìpẹ́. Oúnjẹ kò wọ ẹnu mi. Mo ti fọ aṣọ fèrèsé. Mo ti bẹ àwọn aládùúgbò fún àwo. Mo ti yọ àga kan sọ́tọ̀ nínú ọjà mi, àga onígi ńlá tó ní ọwọ́ méjì, tó ti Yúróòpù wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí ti ọba. Àwọn oníbàárà ń béèrè rẹ̀, mò ń sọ fún wọn pé wọ́n ti rà á. Èmi ni mo rà á. Mo ti fi òróró nù ún, mo ti gbé e sí àárín pálọ̀, mo sì ti ń jókòó sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí kò bá sí ẹni nílé.

Òjò ńlá wá rọ̀ ní òkè odò. Odò kún, ó fà, wọ́n sì tún ti ọ̀pá irin bọ ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà. Ní ìdí òpó kẹta, tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, ọ̀pá náà wọlé lọ láìrí ohun tó dá a dúró. Wọ́n ní kò sí ṣíṣí mọ́, ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo ti ọjà dé, mo bá ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn, kò bọ́ bàtà, ó gbé orí lé orúnkún. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí pé ó sọ ọ́. Ayọ̀ ti gbà mí lọ́kàn, mo sì ní láti fún ojú mi pọ̀ kó má baà hàn. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é, mo ń fi ẹ̀yin pè é, ọmọ tí mo bí.

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ sílé, Àǹtí."

Orí àtẹ̀gùn ilé mi ló jókòó sí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná.

Ọjọ́ náà pé. Láàárọ̀, kí àwọn àna tó dé, mo gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémi níbí. Ó ti gba gbogbo ọ̀nà yípo yẹn, erùpẹ̀ ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ tẹ̀ mọ́. Mo ti rò pé kò ní lè wá. Kí n sọ òtítọ́, mo ti gbẹ́kẹ̀ lé e pé kò ní lè wá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ náà sáré jáde láti inú yàrá, ó ní, "Màámi," ó sì gbé orí lé e láyà, erùpẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Mo fà á padà sínú ilé. Mo ní ìyàwó kì í jáde báyẹn.

Mo dúró kí n rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa jókòó sí. Bó bá lọ jókòó sórí àga yẹn, kí ni màá ṣe? Ó wo àga náà, ó ní ó rẹwà. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàrin àwọn aládùúgbò. Ó ní, "Jókòó, Ìyàwó. Ilé rẹ ni." Mo wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, n kò rí i. Mo jókòó.

Àwọn àna dé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, iwájú mi ni. Wọ́n pè mí ní Màmá wa. Bàbá aránṣọ náà ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà mi, àwọn fẹ́ já a. Ọgbà mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ àga mú. N kò gbádùn ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì ń yọjú wo bẹ́ǹṣì yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè rí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti ń parí, obìnrin àgbà kan láàrin wọn, àbúrò bàbá ọkọ, sún àga rẹ̀ mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní níbi tí àwọn ti wá, wọn kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìbéèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

"Màmá wa, kí ni a kò gbọdọ̀ fún un jẹ? Kí ni ara rẹ̀ kò gbà? Bí ibà bá mú un, kí lẹ fi ń wò ó? Bó bá ń bínú, ṣé ẹ máa ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi rọ̀ ni, àbí ẹ máa ń pè é mọ́ra? Ọmọ ọlọ́mọ ni, Màmá. A kò fẹ́ ṣì í mú."

Gbogbo wọn wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ láyé ni fún ìyá. Mo la ẹnu, ó kù díẹ̀ kí n ní ohun gbogbo ló ń jẹ. Ẹ̀rù wá bà mí. Bí wọ́n bá gbà mí gbọ́ ńkọ́, tí wọ́n wá fi ohun tó ń pa á lára bọ́ ọ nílé ọkọ? Mo wá a nínú orí mi. Mo mọ bó ṣe ké nígbà tó bọ́ sílẹ̀. Mo mọ bí irun rẹ̀ ṣe le tó níbi ìpàkọ́. Mo tún wá a, n kò rí nǹkan mìíràn. N kò rí ìbínú rẹ̀ rí. Kò tíì bínú sí mi rí.

Mo wo bẹ́ǹṣì náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé ojú sílẹ̀, ó ń fi ìka ká etí ìró rẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ pọ̀ ṣinṣin. Ó mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè náà. Bí mo bá fẹ́ parọ́, yóò jẹ́ kí n pa á. Bí mo bá fẹ́ dákẹ́, yóò bá mi dákẹ́ títí ilẹ̀ máa ṣú. Mo jowú rẹ̀ nígbà yẹn ju bí mo ṣe jowú rẹ̀ rí lọ.

Àwọn àna ṣì ń dúró. Mo yí ara padà lórí àga, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ọmọ yín kì í jẹ?"

Ó gbé ojú sókè. Ó wò mí, ó yíjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, kò sì yára. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn àna, mo tẹ́tí sílẹ̀, èmi náà ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.